Ikú Ilé Tí Ará Ìta Gbé Wọlé: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Ìfìyàjẹ Ẹlẹgbẹ́ Láàárín Àwọn Ọmọ Onílẹ̀

Nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀yà tí òyìnbó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn ní Ọsirélíà, Kánádà àti Amẹ́ríkà bá wáyé láàárín wa, ohun tí òyìnbó ṣe fún wọn ni a máa ń sọ, ibẹ̀ náà ló sì yẹ kí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyà mìíràn wà tí àwọn ọmọ ẹ̀yà wọ̀nyí máa ń fi ohùn rírẹlẹ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ìyẹn ìyà tí ẹnì kìíní wọn fi ń jẹ ẹnì kejì. Òun ni àwọn ìbéèrè ìsàlẹ̀ yìí dá lé.

Kí ni ìfìyàjẹ ẹlẹgbẹ́ gan-an?

Lateral violence ni wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn ìwà ipá tí kò lọ sókè, tí kò lọ sísàlẹ̀, tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ló yà sí. Èdè wa tiẹ̀ rí ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kò rí níbẹ̀, nítorí pé ohùn nìkan ló ya ẹ̀gbẹ́ àti ẹgbẹ́ sọ́tọ̀: ohun tó bá yà sí ẹ̀gbẹ́, ẹgbẹ́ ẹni ló máa bá. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó ẹni tó ń ni ín lára ni yóò yí ọwọ́ náà padà sí ẹni tí wọ́n jọ wà lábẹ́ àjàgà kan náà. Ọwọ́ yìí lè jẹ́ ọwọ́ gidi tó ń gbá ni létí, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà ẹnu ni. Ó lè jẹ́ òfófó, ó lè jẹ́ ṣùtì tí a yọ síni, ó lè jẹ́ pé a mọ̀ọ́mọ̀ má pe ẹnì kan sí ìpàdé, tàbí pé a ń sọ kiri pé kì í ṣe ọmọ wa. Ó sì lè jẹ́ pé ìdílé kan di ọ́fíìsì ìlú mú gírígírí, débi pé ọmọ ìdílé kejì kò lè ríṣẹ́ níbẹ̀ láéláé.

Àwọn wo ni ẹ ń pè ní ọmọ onílẹ̀?

Kì í ṣe àwọn tó ń dá bíríkìlà dúró ní Èkó tí wọ́n ń gba owó ìpìlẹ̀. Àwọn ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ kí òyìnbó tó gúnlẹ̀ ni mo ń sọ: àwọn Aborigine àti àwọn ará erékùṣù Torres Strait ní Ọsirélíà, àwọn First Nations ní Kánádà, àti àwọn ẹ̀yà bíi Cherokee ní Amẹ́ríkà.

Báwo ló ṣe máa ń rí bí ó bá ṣẹlẹ̀?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà fi ń kí ara wọn bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé: àwọn wo ni ènìyàn rẹ, ibo ni ẹ ti wá? Ó jọ ìbéèrè tiwa náà, ọmọ ta ni ọ́, agboolé wo? Ẹni tó bá rí i dáhùn yóò rí i pé kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, ẹni tó bi í ti rántí ìyá kan tàbí àbúrò bàbá kan tí àwọn méjèèjì jọ mọ̀, ẹ̀rín á sọ, wọ́n á sì wá àga fún un. Ìbéèrè ìfẹ́ ni.

Ẹ wá fi ojú inú wo obìnrin kan tó ti lé ní ẹni ọdún 50, tó ń wọ gbọ̀ngàn ìpàdé àwọn ènìyàn rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Kì í ṣe ìtàn ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí. Òṣìṣẹ́ ìjọba ló gbé ìyá rẹ̀ lọ ní kékeré, bí wọ́n ti gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ lọ láàárín nǹkan bí ọdún 1910 sí 1970, àwọn tí a wá ń pè ní Ìran Tí A Jí Gbé. Obìnrin yìí na ọwọ́ láti bu tíì. Ìyá àgbà kan tó jókòó ti tábìlì bi í ní ìbéèrè yẹn. Orúkọ ilé ìtọ́jú ọmọ aláìlóbìí tí wọ́n ti tọ́ ìyá rẹ̀ ló fi dáhùn, nítorí pé kò mọ òmíràn. Ìyá àgbà náà kò bú u. Ó kàn yíjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Kò mọ ilé wọn." Obìnrin náà gbé ife tíì sílẹ̀ láì fẹnu kàn án, kò sì padà wá sí ìpàdé kejì.

Ìjọba ilẹ̀ Ọsirélíà ti tọrọ àforíjì fún kíkó tí wọ́n kó àwọn ọmọ lọ. Olórí ìjọba wọn ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ọjọ́ 13 Oṣù Kejì ọdún 2008. Ṣùgbọ́n àforíjì ìjọba kò dé ìdí tábìlì tíì yẹn.

Ta ló kọ́kọ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí?

Orúkọ méjì ni wọ́n sábà máa ń dá. Ọ̀kan ni Frantz Fanon, dókítà àrùn ọpọlọ tó jẹ́ ọmọ Martinique, tó lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Algeria lọ́dún 1953 nígbà tí ilẹ̀ náà ṣì wà lábẹ́ àwọn Faransé. Ó ṣàkíyèsí pé ẹni tí ọlọ́pàá òyìnbó na láàárọ̀ tí kò fọhùn, òun náà ni yóò fa ọ̀bẹ yọ nírọ̀lẹ́ nítorí pé aládùúgbò rẹ̀ wò ó lójú kan. Ẹnì kejì ni Paulo Freire, olùkọ́ ọmọ Recife ní Bràsíl, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Ó ní aninilára ti wọ inú ẹni tí a ń ni lára lọ, tó fi jẹ́ pé bí ẹni náà bá fẹ́ mọ ohun tí ọlá jẹ́, àpẹẹrẹ ọ̀gá rẹ̀ nìkan ló máa ń rí wò. Àwọn nọ́ọ̀sì náà mú ọ̀rọ̀ yìí lò láti fi ṣàlàyé ìdí tí nọ́ọ̀sì àgbà fi máa ń fi ojú nọ́ọ̀sì tuntun rí màbo.

Ní Ọsirélíà, ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí gbangba ni Mick Gooda, ọmọ ẹ̀yà Gangulu láti Queensland, tó jẹ́ kọmíṣọ́nnà fún ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ nígbà náà. Ìfìyàjẹ ẹlẹgbẹ́ ló fi ṣe kókó ìròyìn ọdọọdún tó gbé síwájú ìjọba lọ́dún 2011. Ó gba ìgboyà, nítorí ó mọ̀ pé àwọn kan yóò fò mọ́ ọn láti sọ pé àwọn onílẹ̀ fúnra wọn ni ìṣòro ara wọn.

Ṣé wọn kì í jà kí òyìnbó tó dé ni?

Wọ́n ń jà. Ẹni tó bá ní ayé wọn dùn bí oyin tẹ́lẹ̀ kò bọ̀wọ̀ fún wọn, ó kàn sọ wọ́n di ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ọ̀nà tí ìjà fi ń parí. Àwọn Yolngu tó wà ní ìhà àríwá Ọsirélíà ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní makarrata: ẹni tó ṣẹ̀ yóò jáde wá dúró níwájú àwọn tó ṣẹ̀, wọn yóò fi ọ̀kọ̀ gún un ní itan, ẹ̀jẹ̀ á jáde, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ó le, ṣùgbọ́n ó ní òpin. Ohun tí ìjọba amúnisìn ṣe ni pé wọ́n fi òfin gba irú ètò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì dá ìdí ìjà tuntun sílẹ̀ tí ètò àtijọ́ kankan kò mọ̀ rí.

Àwọn ìdí ìjà tuntun wo nìyẹn?

Ọ̀kan ni ọlọ́pàá ìbílẹ̀. Láti àwọn ọdún 1840 ni àwọn amúnisìn ti ń kó ọ̀dọ́mọkùnrin onílẹ̀ jọ, wọ́n fún wọn ní ẹṣin àti ìbọn, wọ́n sì fi òyìnbó ṣe ọ̀gá wọn. Ibi tó jìnnà ni wọ́n ti ń mú wọn, kí wọ́n má baà ní ìbátan lágbègbè tí wọ́n bá rán wọn lọ. Ní Queensland, wọ́n pa àwọn onílẹ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìran àwọn tí wọ́n pa wà láyé títí dòní, ìran àwọn tó yìnbọn náà wà láyé, wọ́n sì lè jọ wà ní kíláàsì kan náà.

Lọ́dún 1886, ìjọba Victoria ṣe òfin pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ òyìnbó bá wà lára rẹ̀, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 34, kò gbọdọ̀ gbé ní àgọ́ àwọn onílẹ̀ mọ́. Coranderrk, tí àwọn onílẹ̀ fi ọwọ́ ara wọn sọ di oko tó ń mówó wọlé, ni èyí ṣe lọ́ṣẹ́ jù. Àwọn tó lágbára láti ro oko di ẹni tí a lé síta, àwọn arúgbó àti aláìlera ló kù nínú ọgbà. Láti ìgbà náà ni ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ti di ohun tí ènìyàn fi ń mọ ẹni tó ni ilé àti ẹni tí kò ni ín. Kò sí ẹ̀yà kankan nínú wọn tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí a bí sí agbo ilé, tí a tọ́ níbẹ̀, tí ó sì ń ṣe ojúṣe rẹ̀, ọmọ agbo ilé ni.

Èyí tó máa ń dùn mí jù lọ ni ìwé ẹ̀rí ti ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà, tí òfin ọdún 1944 dá sílẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ tó bá fẹ́ di ọmọ ìlú bí àwọn òyìnbó gbọ́dọ̀ lọ síwájú adájọ́, kí ó fi hàn pé fún ọdún méjì gbáko òun kò bá àwọn onílẹ̀ ẹlẹgbẹ́ òun rìn mọ́, àfi àwọn tó sún mọ́ ọn jù nínú ẹbí, irú bí òbí àti ọmọ. Bí ó bá yege, wọ́n á fún un níwèé tó ní fọ́tò rẹ̀, wọ́n sì lè gbà á padà nígbàkúùgbà. Ẹ wo ọkùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà ilé ọtí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé. Ó fa ìwé rẹ̀ yọ nínú àpò àyà, ó fi han ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn, ó sì wọlé. Ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, tí wọ́n jọ rẹ́ irun àgùntàn láti àárọ̀, dúró síta lábẹ́ igi, nítorí kò ní ìwé. Bí ẹni tó wọlé bá gbé ìgò kan jáde fún un, ọlọ́pàá lè gbé e. Ìwé àṣẹ ajá ni àwọn onílẹ̀ ń pe ìwé náà, nítorí pé ajá ni òyìnbó máa ń gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún. Ẹ̀fẹ̀ yẹn ta bá ẹni tó gbà á ju ìjọba tó tẹ̀ ẹ́ lọ. Ọdún 1971 ni wọ́n tó pa òfin náà rẹ́. Àwọn tí bàbá wọn gbà á àti àwọn tí bàbá wọn kọ̀ láti gbà á ṣì mọ ara wọn.

Lẹ́yìn náà ni erékùṣù Palm Island, tí ìjọba Queensland sọ di àgọ́ lọ́dún 1918. Ó lé ní 40 ẹ̀yà tí wọ́n kó jọ síbẹ̀ pẹ̀lú agbára, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ àwọn tí ìjọba fẹ́ fìyà jẹ nítorí pé wọ́n lórí kunkun. Èdè wọn kò papọ̀, òfin wọn kò papọ̀, àwọn kan nínú wọn ni ìjọba sì fi ṣe ọlọ́pàá lórí ìyókù. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ sọ ara wọn ní orúkọ kan ṣoṣo, Bwgcolman, èyí tí mo kà sí iṣẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n nígbà tí òfin ilẹ̀ tuntun dé, ó tún pín wọn: àwọn Manbarra ni onílẹ̀ ìpìlẹ̀, àwọn ìyókù jẹ́ àwọn tí ìtàn gbé débẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìtàn Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ yóò mọ bí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń ta ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ogun tiwa ló lé àwọn baba ńlá wá sí Modákẹ́kẹ́, tó sì jẹ́ pé ọkọ̀ ìjọba ló já àwọn ti Palm Island sí etíkun.

Ṣé kì í ṣe ohun tí àwọn àgbà wa ti sọ tán nìyí, pé bí ikú ilé kò bá pa ni, tòde kò lè pa ni?

Òwe náà bá a mu, ṣùgbọ́n ó lè ṣi ni lọ́nà. Bí a bá pa á láàárín wa, ohun tí a sábà máa ń fi parí rẹ̀ ni pé aráalé ni ká ṣọ́ra fún: ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Ní ti àwọn tí mo ń sọ yìí, ìbéèrè tó yẹ ká kọ́kọ́ bi ni ẹni tó gbé ikú náà wọlé. Bí a bá ti ogójì ènìyàn mọ́ inú yàrá kan, tí a ju búrẹ́dì ènìyàn mẹ́wàá sí wọn, tí a sì ní kí wọ́n fi ẹ̀rí hàn ẹni tó yẹ kó jẹ ẹ́, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe ìwà àbínibí wọn. Síbẹ̀, mi ò gbà pẹ̀lú àwọn tó ń fi èyí wẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Ìyá àgbà tó yíjú kúrò nídìí tábìlì tíì yẹn ló yíjú. Kò sí òyìnbó tó di ọrùn rẹ̀ mú lọ́jọ́ náà.

Ilẹ̀ tí wọ́n ń gbà padà ńkọ́? Ṣé ìyẹn kò mú ìrẹ́pọ̀ wá?

Ó mú ayọ̀ wá, ó sì mú ìjà wá. Ní ọjọ́ 3 Oṣù Kẹfà ọdún 1992 ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Ọsirélíà dá ẹjọ́ tí Eddie Mabo, ọmọ erékùṣù Mer ní Torres Strait, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pè. Ilé ẹjọ́ náà ní irọ́ ni pé ilẹ̀ náà kò ní onílẹ̀ nígbà tí òyìnbó dé. Mabo ti kú ní Oṣù Kìíní ọdún yẹn, kò gbọ́ ìdájọ́ náà. Òfin lórí ilẹ̀ ìbílẹ̀ tẹ̀ lé e lọ́dún 1993.

Ohun tí òfin náà ń bèèrè ni ká wò. Àwọn tó bá ń bèèrè ilẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé àwọn kò tíì já okùn àṣà àwọn mọ́ ilẹ̀ náà láti ìgbà tí òyìnbó ti gúnlẹ̀. Ìjọba kan náà tó fi ọkọ̀ kó wọn kúrò lórí ilẹ̀ ló wá ń bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò dúró síbẹ̀. Àwọn Yorta Yorta, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ Ọsirélíà, gbìyànjú. Lọ́dún 1998, adájọ́ sọ pé ìgbì ìtàn ti wẹ ẹ̀tọ́ wọn lọ, ó sì gbára lé ohun tí Edward Curr, darandaran òyìnbó kan ní ọ̀rúndún 19, kọ sílẹ̀ ju ohun tí àwọn àgbà wọn fẹnu sọ ní kóòtù lọ. Lọ́dún 2002, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fọwọ́ sí i.

Níbi tí ẹjọ́ bá ti lọ déédéé, ìdílé á jókòó pẹ̀lú lọ́yà àti onímọ̀ nípa ẹ̀yà láti kọ orúkọ àwọn baba ńlá àti ìyá ńlá tí gbogbo ẹni tó ní ìpín gbọ́dọ̀ ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́. Bí orúkọ ìyá ìyá rẹ kò bá sí lórí ìwé, ìwọ àti ọmọ rẹ kò sí. Wọ́n lè ti kó ìyá náà lọ sí àgọ́ kan ní ọmọdé kí wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà, nítorí náà kò sí ìwé ìjọba kankan tó so ó mọ́ ilẹ̀ náà. Nígbà tí iléeṣẹ́ awakùsà bá wá gbé owó àdéhùn kalẹ̀, ìdílé tó wà lórí ìwé kò ní fẹ́ ṣí i mọ́. Àwọn àbúrò tó jọ ń sin òkú pọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ lọ́yà.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn obìnrin ní Kánádà?

Òfin tí Kánádà ṣe lórí àwọn onílẹ̀ lọ́dún 1876 sọ pé obìnrin onílẹ̀ tó bá fẹ́ ọkùnrin tí kì í ṣe onílẹ̀ kì í ṣe onílẹ̀ mọ́, òun àti ọmọ rẹ̀. Bí ọkùnrin onílẹ̀ bá fẹ́ òyìnbó, ìyàwó rẹ̀ di onílẹ̀ lójú òfin. Ẹ jẹ́ ká tún un sọ: obìnrin tó wá láti ìlú òyìnbó lè gbé ní ìlú àwọn onílẹ̀, kí wọ́n sì sin ín síbẹ̀, ọmọbìnrin tí a bí sí ìlú náà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Sandra Lovelace, ọmọ ìlú Tobique ní New Brunswick, fẹ́ ará Amẹ́ríkà, ìgbéyàwó náà tú ká, ó sì padà sílé. Kò rí ilé gbà. Àwọn obìnrin Tobique gba ọ́fíìsì àwọn olóyè ìlú wọn lọ́dún 1977, wọ́n sì fẹsẹ̀ rin láti Oka dé Ottawa ní Oṣù Keje ọdún 1979. Sandra gbé ẹjọ́ tirẹ̀ lọ bá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn níbẹ̀ sì dá a láre lọ́dún 1981. Apá tó bá ọ̀rọ̀ wa mu ni pé kì í ṣe ìjọba Kánádà nìkan ló lòdì sí wọn. Ọ̀pọ̀ olóyè ọkùnrin nínú àwọn onílẹ̀ fúnra wọn ló ń sọ pé àwọn obìnrin yìí fẹ́ ba ìlú jẹ́, pé wọ́n ti kọ ẹ̀yìn sí ilé fúnra wọn.

Lọ́dún 1985, Kánádà yí òfin náà padà, ó sì lé ní 100,000 ènìyàn tí orúkọ wọn padà sínú ìwé lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò fẹ̀ sí i bó ṣe yẹ, ilé kò pọ̀ sí i bó ṣe yẹ. Àwọn tó wà nílé ń rí àwọn tó ń bọ̀ bí ẹni tó fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ wọn. Nọ́ńbà àbádòfin tó mú wọn padà, C-31, di orúkọ èébú, tí ọmọdé fi ń pe ọmọdé ní ilé ìwé. Ní Kahnawake, ìlú àwọn Mohawk lẹ́gbẹ̀ẹ́ Montréal, àwọn olórí ti ṣe òfin tiwọn lọ́dún 1981 pé ẹni tó bá fẹ́ ará ìta kò gbọdọ̀ gbé láàárín ìlú. Ẹ̀rù pé kí ẹ̀yà má parẹ́ ló bí i, ẹ̀rù náà kì í sì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Lọ́dún 2018, kóòtù Quebec ní ìyà ẹ̀lẹ́yàmẹ̀yà ni òfin náà fi ń jẹ àwọn ará ìlú.

Kí ni ìtàn àwọn Freedmen Cherokee?

Àwọn kan nínú àwọn Cherokee ra ẹrú dúdú bí àwọn òyìnbó gúúsù ṣe ń ṣe. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà lé Cherokee kúrò nílé wọn ní ọdún 1838 sí 1839, àwọn ẹrú náà rìn ní ojú ọ̀nà ikú yẹn pẹ̀lú wọn. Àdéhùn ọdún 1866 fi òmìnira wọn múlẹ̀, ó sì sọ àwọn àti ìran wọn di ọmọ orílẹ̀-èdè Cherokee; àwọn ni wọ́n ń pè ní Freedmen. Nígbà tí ìjọba wá ń kọ orúkọ àwọn ará ìlú sílẹ̀ láti pín ilẹ̀, wọ́n kọ àwọn dúdú sí ìwé ọ̀tọ̀ láì kọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ Cherokee sí i, kódà fún ẹni tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ jẹ́ Cherokee. Ìwé yẹn ni àwọn Cherokee gbé jáde lọ́dún 2007, nígbà tí wọ́n dìbò láti yọ nǹkan bí 2,800 nínú ìran àwọn Freedmen kúrò. Ìdájọ́ kóòtù ìjọba àpapọ̀ ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2017 dá wọn padà. Ní Oṣù Kejì ọdún 2021, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti àwọn Cherokee fúnra wọn pàṣẹ pé kí wọ́n pa gbólóhùn tó sọ pé nípa ẹ̀jẹ̀ rẹ́ kúrò nínú ìwé òfin wọn. Ìpinnu ìkẹyìn yìí wúwo lójú mi ju ti ọdún 2017 lọ, nítorí ilé ló ti wá.

Kí ló dé tí wọ́n ń pe ara wọn ní àgbọn?

Nítorí pé èèpo àgbọn pọ́n, inú rẹ̀ funfun. Ẹni tó kàwé, tó rí iṣẹ́ ìjọba, tàbí tó sọ Gẹ̀ẹ́sì já gaara ni wọ́n ń sọ ọ́ sí ní Ọsirélíà. Ápù ni wọ́n ń lò ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, nítorí pé èèpo rẹ̀ pupa. Èébú kejì tó dojú kọ ọ́ ni ti ẹni tí awọ rẹ̀ mọ́, tí wọ́n ń sọ fún pé ó ti funfun jù láti jẹ́ ti wọn. Báyìí ni ènìyàn kan náà ṣe lè gba méjèèjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, lórí Facebook, lọ́wọ́ ẹbí.

Ṣé gbogbo àríyànjiyàn láàárín wọn ni ìfìyàjẹ ẹlẹgbẹ́?

Rárá o, ibí yìí gan-an sì ni ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ máa bàjẹ́. Ní ọjọ́ 14 Oṣù Kẹwàá ọdún 2023, àwọn ará Ọsirélíà dìbò lórí bóyá kí wọ́n fi ìgbìmọ̀ kan tí yóò máa gbẹnu sọ fún àwọn onílẹ̀ sínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 àwọn olùdìbò ló ní rárá. Marcia Langton àti Noel Pearson, tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀, jà fún bẹ́ẹ̀ ni. Jacinta Nampijinpa Price àti Warren Mundine, àwọn náà onílẹ̀, jà fún rárá nítorí wọn kò fẹ́ kí òfin pín ará ìlú sọ́nà méjì. Lidia Thorpe náà ní rárá, ṣùgbọ́n nítorí pé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba ló fẹ́ kó ṣáájú. Èrò mẹ́ta tó yàtọ̀ nìyí, ẹ̀yà tó bá sì wà láàyè gbọ́dọ̀ lè ní èrò mẹ́ta. A kì í retí pé kí gbogbo ọmọ Yorùbá dìbò fún ẹgbẹ́ kan.

Ààlà tó pín méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ ṣòro rí. Ẹni tó bá ní àbá rẹ kò dára ń bá àbá rẹ jà. Ẹni tó bá ní ìwọ kì í ṣe onílẹ̀ nítorí àbá tí o dá, ìwọ ló ń bá jà. Mo sì ti rí i pé àwọn olórí kan wà tí wọ́n fi orúkọ ìfìyàjẹ ẹlẹgbẹ́ bo ara wọn: bí òṣìṣẹ́ bá bèèrè ìṣirò owó àjọ, wọ́n á ní ó ń fìyà jẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè owó kì í ṣe ìwà ipá.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Kánádà, ọmọ Yorùbá sì ni mí. Báwo ni èyí ṣe kàn mí?

Ó kàn yín ní ibi kékeré kan tó ṣe pàtàkì. Bí aláìsàn tó jẹ́ onílẹ̀ bá dé, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi inú rere ṣe ni pé wọ́n á sáré pe òṣìṣẹ́ tó jẹ́ onílẹ̀ láti wá tọ́jú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ aláìsàn náà. Ìlú wọn kéré, ó lè jẹ́ pé ìdílé òṣìṣẹ́ yẹn àti tirẹ̀ kì í sọ̀rọ̀, tàbí pé ẹ̀rù ń bà á kí ohun tó wà nínú fáìlì rẹ̀ má baà dé ilé kó tó dé. Bí ó bá ní ẹ̀yin ni òun fẹ́, ẹ ṣe é. Bí ó bá ní onílẹ̀ bíi tòun ni, ẹ pè é. Ẹ má sì bi í bóyá ó jẹ́ ògidì. Irihapeti Ramsden, nọ́ọ̀sì ọmọ Māori ní New Zealand, ló kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1980 pé aláìsàn ló ń sọ bóyá ara tu òun lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, kì í ṣe nọ́ọ̀sì ló ń sọ ọ́.

Ṣé ó ṣeé wò sàn?

Àwọn kan ti gbìyànjú, kì í sì í ṣe pẹ̀lú ìpàdé ọjọ́ kan àti oúnjẹ ọ̀sán. Ó yẹ ká rántí pé nǹkan bí 150,000 ọmọ ni Kánádà kó lọ sí ilé ìwé tí wọ́n ti ń gba èdè àti òbí lọ́wọ́ wọn. Àwọn àlùfáà àti olùkọ́ fìyà jẹ wọ́n níbẹ̀. Àwọn ọmọ tó dàgbà díẹ̀ náà fìyà jẹ àwọn kéékèèké nínú yàrá tí wọ́n jọ ń sùn, ètò tí wọ́n fi san owó gbà-má-bínú sì gbà pé èyí náà ṣẹlẹ̀. Ẹni tó jẹ ọ́ níyà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ lè jẹ́ ẹni tí ẹ jọ ń gbé ní òpópónà kan náà títí di ọjọ́ ogbó.

Ní Hollow Water, ìlú kékeré kan tó jẹ́ ti àwọn Anishinaabe ní Manitoba, àwọn ará ìlú kan, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ obìnrin, bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé láàárín àwọn ọdún 1980 láti wá nǹkan ṣe sí ọtí àmujù àti ìyà tí àwọn ọmọdé ń jẹ. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rí ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jókòó síbẹ̀ ni wọ́n ti bá ṣèṣekúṣe ní kékeré, tí wọn kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Àwọn olùrànlọ́wọ́ ní láti kọ́kọ́ sọ tiwọn fún ara wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣètò pé bí ẹnì kan bá ti ba ọmọ jẹ́, tí ó sì jẹ́wọ́ ní kóòtù pé òun jẹ̀bi, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n nìkan ni yóò dúró dè é. Yóò jókòó láàárín agbo pẹ̀lú ìdílé rẹ̀, ìdílé ẹni tó ṣẹ̀, àti àwọn ará ìlú, wọ́n á sì sọ ohun tó ṣe fún un lójú rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ètò náà ń gba ọ̀pọ̀ ọdún fún ẹnì kan. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀wọ̀n ni wọ́n yàn dípò kí wọ́n jókòó síbẹ̀.